Apá Ta Ni Sáfà Ń Gbé Wá Bá Ọ?

Raheemat, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Lithonia l'Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún? Ọkọ rẹ ńkọ́? Hajarah ọmọ-ọmọ mi ńkọ́? Ẹ ò ní rin ọ̀nà márosẹ̀ I-20 yín yẹn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, ọ̀kan sì ń pariwo bí ìwọ nígbà tí o wà ní kékeré.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí o fi rán Haneef sí mi nígbà tó ń ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀ wálé, ni mo fẹ́ sọ. O ní ẹ̀rọ náà kì í bá fóònù rẹ sọ̀rọ̀ tààrà, pé Sáfà kan (ẹ̀yin ń kọ ọ́ ní server) wà láàárín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé tó ń bá wọn jẹ́ ẹ. Mo bi ọ́ bóyá ó máa ń sùn, o ní kò sùn rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Àràárọ̀ ni mo ń kí i kú iṣẹ́ kí ẹ̀rọ tó kan apá, torí a kì í rán àgbà níṣẹ́ ká má kí i.

Ṣùgbọ́n o tún ní òun náà ló ń jíṣẹ́ fún àwọn àna wa ní Covington. Háà! Ẹni tó ń wọlé wa tó tún ń wọlé àna, ṣé òun ni kí n fi àìsàn mi hàn, kí wọ́n máa sọ níbẹ̀ pé bàbá ìyàwó ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ? Ni mo bá pe Salaudeen, káfíńtà tó ń gbé yàrá ìta wa, òun ló ń so ó mọ́ apá tirẹ̀, èmi ń fi ẹ̀kọ àti àkàrà dúpẹ́.

O wá pè mí tayọ̀tayọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń lọ geere bí ti ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mo tilẹ̀ ń yan kiri. Àfi ìgbà tí o ní dókítà ti rí i, ó ní kí n dín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi kù sí ìdajì. Salaudeen gbọ́, ó fa apá rẹ̀ yọ, ó ní òun ò ní fi apá òun pa bàbá onílé. Raheemat, mo ti dín oògùn náà kù, òòyì wá ń kọ́ mi, mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀rù ń bà mí.

Haneef ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè dúró dè é. Mo ti so ẹ̀rọ náà mọ́ apá ara mi láàárọ̀ yìí, wàá ti rí ohun tó kọ. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ àti ti dókítà ránṣẹ́, kí o fi owó àkàrà Salaudeen lé e.

Má bá Sáfà jà. Kò purọ́, iṣẹ́ tí mo rán an ló jẹ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá jíṣẹ́ ikú mi fún ọ lókè òkun. Ojú rẹ ni yóò rí mi.

Èmi ni bàbá rẹ tí ara rẹ̀ kò yá,
Mojeed