Àwọn Òkú Tó Ń Rẹ́rìn-ín Lára Ọgbà Ilé Ìtajà

Zapryan ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìlú Sofia, mo kí ọ kú òtútù, mo sì kí ọ kú àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́sàn-án tí ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí orúnkún rẹ dà bíi tèmi. Tó o bá béèrè wa, a wà. Ewúrẹ́ ti bí méjì, òrùlé ń jò níbi tó ti máa ń jò, ata tí mo sun sínú ìgò lọ́dún yìí sì dùn ju ti Velika aládùúgbò wa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ò gbà.

Ohun tó mú mi gbé kálámù ni ọ̀rọ̀ oko ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí bàbá rẹ gbin igi àsálà mọ́kànlá sí kó tó kú. Àwọn tó ń kọ́ ilé ìtajà ńlá sí ẹ̀yìn odi ìlú Plovdiv fẹ́ rà á, wọ́n fẹ́ hú àwọn igi náà kí mọ́tò lè máa ráyè sùn. Ìfọwọ́sí méjì ni wọ́n ń wá, tèmi àti tìrẹ, torí ìwọ nìkan ni bàbá rẹ bí. Kalinov, òṣìṣẹ́ wọn tó máa ń wọ bàtà funfun wọ inú ẹrẹ̀, ní o ti sọ fún òun pé wàá rò ó. Kí lo fẹ́ rò? Wọ́n tún fi ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Fóònù ní kí n tẹ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mi ò tẹ ìkankan, mo gbé e sínú àpótí ìyẹ̀fun kó lọ fara balẹ̀. Wọn kì í kán àgbà lójú nínú ilé ara rẹ̀.

Ilé ìtajà náà tóbi, kí n má purọ́. Ó tóbi bí àìnítìjú. Velika bi Kalinov bóyá wọ́n máa ta tòmátì níbẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà, láti ilẹ̀ Tọ́kì. Lórí ilẹ̀ tí tòmátì ti ń hù fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e! Velika ní ó dáa, ọmọ mi, ṣé láti Tọ́kì náà lẹ ti máa kó ẹnu tó máa jẹ ẹ́ wá?

Ṣùgbọ́n òkú ló dẹ́rù bà mí. Ní oṣù kẹta, wọ́n fi páànù ṣe ọgbà yí ibi iṣẹ́ náà ká, wọ́n sì lẹ ìwé ìkéde òkú mẹ́jọ mọ́ ọn. Bí a ṣe ń lẹ tiwa mọ́ géètì àti òpó iná náà ni: àwòrán ojú, ìlà dúdú yí i ká, orúkọ, ọjọ́ méjì nísàlẹ̀. Tiwọn kàn tóbi ju ilẹ̀kùn lọ ni, bí olówó ṣe ń ṣe. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn. Ọ̀kan tí wọ́n kọ Mariela sí lábẹ́ ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ pé, láti ọjọ́ kẹwàá sí ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Velika, tó mọ ìṣirò, ní ọjọ́ tó wọ ilé ìwòsàn àti ọjọ́ tó kú ni. Okùn àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan ló wà léjìká òmíràn. Ṣé ìyá rẹ̀ ò rí fọ́tò mìíràn mú sílẹ̀ ni? Lábẹ́ gbogbo wọn ni wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé À Ń RETÍ YÍN. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀wé kà, mi ò rí òkú tó ya aláìlójútì tó báyìí.

A ṣe ohun tó yẹ ká ṣe fún òkú. A se àlìkámà, a fi ṣúgà àti àsálà bàbá rẹ sí i, a tan àbẹ́là mẹ́jọ sídìí páànù náà, àlùfáà Spiridon tí kò ríran dáadáa mọ́ sì gbàdúrà fún wọn lórúkọ-lórúkọ. Àwọn tó wá háyà ṣọ́ọ̀bù dé nínú mọ́tò dídán, wọ́n rí opó mẹ́rìnlá lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n yí mọ́tò padà. Kalinov sáré jáde. Ó ní ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde, kò sẹ́ni tó kú, orúkọ ilé iṣẹ́ àti ọjọ́ ẹ̀dínwó lẹ rí yẹn, bàtà là ń polówó. Velika ní panu mọ́, òpùrọ́, orí àti èjìká nìkan la rí, bàtà dà? Èmi ní ó dáa, tí wọ́n bá wà láàyè, mú ẹyọ kan péré wá kó wá jẹun nílé mi. Ó ní òun ò mọ ibi tí wọ́n wà. Ṣó o gbọ́? Ó gbé ojú ọmọ ọlọ́mọ mẹ́jọ kọ́ sára páànù, kò mọ ibi tí wọ́n wà! Èmi mọ ibi tí bàbá rẹ wà.

Inú wá bí i, ó ní òun kúkú ń bọ̀ ní Sofia lọ́jọ́ Ẹtì, pé ìwọ lo lajú, wàá fọwọ́ sí i.

Jọ̀wọ́, fi ogún leva ránṣẹ́ kí n ra àlìkámà àti àbẹ́là sílẹ̀ de ogójì ọjọ́ àwọn ọmọ náà, torí mi ò tíì rí òbí wọn kankan kó yọjú. Ní ti ìwé Kalinov, tó o bá fọwọ́ sí i, mi ò ní bá ọ jà. Mo máa lọ bá atẹ̀wé tó ṣe ìwé ìkéde òkú bàbá rẹ, mo máa fún un ní fọ́tò tó o yà lọ́jọ́ tó o jáde iléèwé, mo máa ní kó kọ ọjọ́ ìbí rẹ àti ọjọ́ tó o fọwọ́ sí i, mo sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì wa. Mo ti béèrè iye tó ń gbà.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kó fún ọ níyàwó tó gbọ́n jù ọ́ lọ, kó sì fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, ó kéré tán kó kọjá ọjọ́ Ẹtì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Nedyalka