Iṣu fún Ìyá Ọmọ Tó Ṣubú Nínú Awò

Ilé Aláró,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Moyọ̀sọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé wọ́n ń mú iná wá ní Yábà? Àwa náà wà, a dúpẹ́, eékún ìyá rẹ nìkan ló ń ro ó, ìyẹn kì í sì í ṣe tuntun. Ewúrẹ́ Bàlíkísù aládùúgbò wa ti jẹ ìdajì àgbàdo wa, mo bá a sọ ọ́, ó ní òun náà rí i. Ọlọ́run tó mú mi ti Èkó délé láyọ̀ á máa ṣọ́ ìwọ náà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì yín ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ọjọ́ tí o wá pàdé mi ní Ọ̀yìngbò tí o mú mi lọ síbẹ̀, ọ̀gá yín, Jeffrey, gbé awò dúdú ńlá tí ẹ̀ ń ṣe fún àwọn sójà bò mí lójú, ó ní kí n wo bí wọ́n ṣe ń fi kọ́ṣẹ́ ogun. Mo wò ó. Igbó ni mo rí, ìbọn ń dún lọ́tùn-ún lósì, ọmọkùnrin kan sì ṣubú síwájú mi, kò mí mọ́. Mo ṣí fìlà, mo kúnlẹ̀, mo bèèrè pé ọmọ ta ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìwọ náà ní kò sẹ́ni tó kú. Mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe. Nígbà tí mo sọ fún ìyá rẹ, ó ní a kì í gbọ́ ikú ọmọ ọlọ́mọ ká dákẹ́. Iṣu márùn-ún àti kẹ́ẹ̀gì epo kan ń bọ̀ lọ́wọ́ Habeeb dẹ́rẹ́bà, bá wa gbé e fún ìyá ọmọ náà, kó má wulẹ̀ dá kẹ́ẹ̀gì padà.

Ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀, àfi bí ẹ̀gbọ́n rẹ Ọládipúpọ̀ ṣe pè láti bárékè lánàá. Mo bi í bóyá ó mọ awò náà, ó ní òun náà ń lò ó, pé òun ti kú lẹ́ẹ̀mẹta nínú ẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyá rẹ ò tíì jẹun títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọládipúpọ̀ ní kò sí wàhálà, ẹni tó bá kú, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kan, á sì dìde. Ó wá ní lóṣù tó ń bọ̀ wọ́n á kó àwọn lọ sójú ogun gan-an. Mo ní ṣé wọ́n á mú bọ́tìnnì náà dání. Ó ní kí n gbé fóònù fún ìyá òun.

Moyọ̀sọ́lá, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀yin lẹ ṣe bọ́tìnnì yìí, ó ní láti ku ọ̀kan ní ọ́fíìsì yín. Bẹ Jeffrey kó fún wa ní kékeré tó lè wọ àpò. Tí kò bá fẹ́ fi rán èèyàn, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá wá mú un fúnra mi, màá sì gbé e dé bárékè. Tí owó náà bá ṣẹ́ kù, màá fi ra oògùn eékún fún ìyá rẹ.

Ọlọ́run á dá ẹ lọ́lá, o ò ní fẹsẹ̀ kọ. Èmi àti ìyá rẹ ti dàgbà, ẹ̀yin lẹ máa sin wá, ìwọ àti Ọládipúpọ̀. Mo ní ẹ̀yin méjèèjì.

Èmi ni bàbá rẹ,
Benjamin.