A Ń Ṣọ̀fọ̀ Kànga

San Macario Atempa,
Puebla, Mẹ́síkò.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún, 2023.

Otilia, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ìyá ìsàmì ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ṣikágò lọ́hùn-ún? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé òtútù ò tún dá a lóró? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń gbọ́ èdè wa, àbí wọ́n ti di òyìnbó pátápátá? Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, mò ń rìn káàkiri ilé bí adìẹ tó fẹ́ yé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Hermelinda, ọmọ mi obìnrin, jókòó kó máa kọ ohun tí mo bá ń sọ.

O rántí kànga ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tá a ti ń pọnmi nígbà tá a wà lọ́mọge? Ó ti gbẹ. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ń rọ omi sínú ike ti dé sí ìsàlẹ̀ ìlú lomi ti ń sá fún wa. Ọkọ̀ wọn ń kó omi lọ tọ̀sán-tòru, àwa ń bu ẹrẹ̀. Tá a bá pèpàdé, Don Nabor, bàbá alágogo, á lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì kíákíá kíákíá, àwa àgbà díẹ̀ náà la máa ń rí ara wa, àti ajá Crescencia aládùúgbò mi. Àwọn tó kù á ní, "Ẹ jàre, ta ló ń bá olówó jà?"

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èjìká ń dun Don Nabor. Ó fa okùn, ó sinmi. Ó fa okùn, ó sinmi. Otilia, agogo òkú ló ń lù yẹn, kò mọ̀! Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo ìlú ti dé pẹ̀lú àbẹ́là, ṣúgà, kọfí, ẹ̀wà. Crescencia ti ń sunkún bọ̀ láti ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ ẹni tó kú.

"Ta ló kú?"

"Ẹ má bínú o, ìpàdé ni mo pè."

"Ìpàdé! Bàbá yìí, ṣé orí yín pé? Mo ti pa adìẹ mi!"

Wọ́n ti ń yíjú láti máa lọ. Ni mo bá ní, "Ẹ dúró. Òkú wà ńlẹ̀. Ẹ wá wò ó nínú kànga." Wọ́n ń yọjú wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Crescencia ló kọ́kọ́ tan àbẹ́là. Ó ní, "Omi tí wọ́n fi wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi nìyí."

Bá a ṣe gbé ọ̀fọ̀ wa lọ sójú ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kejì nìyẹn: àgbélébùú, òdòdó, àga, ìkòkò kọfí. Àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án là ń gbà fún kànga, bá a ṣe ń gbà á fún ẹni wa tó bá kú. Ọkọ̀ wọn ò rọ́nà jáde mọ́.

Ṣùgbọ́n Fidencio, ọmọ mi tí o gbé lọ síbi omi ìsàmì, awakọ̀ wọn ni. Lánàá, ọ̀gá ẹ̀ ní kó gba àárín wa kọjá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ sílé. Mo rí ọkọ̀ ńlá náà tó ń bọ̀. Mi ò dìde lórí àga. Ó fun fèrè.

"Màámi, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ta ló ń fun fèrè níbi òkú? Ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?"

"Màámi, wọ́n máa lé mi níṣẹ́!"

"Ṣí fìlà lórí ẹ."

Ọkọ̀ ń kùn, ó ń kùn. Nígbà tó yá, ó pa á, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ níwájú àgbélébùú. Crescencia bu kọfí fún un: "Ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kẹ́dùn, ọ̀lẹ!"

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ò kí mi láàárọ̀ yìí. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ mi ni mo rí gbà, àbí oúnjẹ ni mo gbà lẹ́nu àwọn ọmọ ẹ̀. Lọ́la ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, a óò gbé àgbélébùú nílẹ̀, oníkálukú á sì máa lọ sílé, bí àṣà wa. Ohun tí ọ̀gá wọn ń dúró dè nìyẹn.

Bá mi kí gbogbo ilé. Tan àbẹ́là kan fún ọmọ ìsàmì rẹ.

Dúró ná. Mò ń gbọ́ agogo. Hermelinda ti yọjú lójú fèrèsé, ó ní Don Nabor kọ́ o, Fidencio ló wà lókè yẹn. Ó ní àwọn èèyàn ti ń gbé àga jáde, wọ́n ń lọ sí ìdí kànga ilé ìwé, òun náà ti gbẹ; òkú tuntun, ọjọ́ mẹ́sàn-án tuntun nìyẹn. Ó fa okùn, ó sinmi. Ó fa okùn, ó sinmi.

Jẹ́ kí n lọ wá ìborùn mi.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́,
Eufrasia.