Orúkọ Ààrẹ Lára Ọkọ̀ Bàbá Mi

Bàbá mi,

Kánádà tutù, ṣùgbọ́n ara mi le.

Mo gbọ́ ohùn yín lórí rédíò lánàá! Àwọn tó ń wádìí bóyá aráàlú ṣì fẹ́ Ààrẹ bi yín ní ọjà Agbalata, ẹ ní, "N ò fẹ́ ẹ mọ́. Mo ti ha orúkọ rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ ìpẹja mi."

Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ torí rẹ̀ bá gbogbo ilé jà? Àwo tí mo ń fọ̀ níbi iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá mi ò bínú púpọ̀.

Apẹja wo ní Badagry ló ń ha orúkọ kúrò lára ọkọ̀ rẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ tà á? Ṣebí ẹja ṣì ń wọ àwọ̀n?

Ẹ bá mi kí Ìyá. Ẹ kí ọkọ̀ náà, tó bá ṣì wà létí ọ̀sà.

Ọmọ yín,
Dosi