Olóyè Fẹ́ Wọ Bàlúù

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Màámi pè láti ilé Bùrọ̀dá mi. Kò béèrè mi, kò béèrè ọkọ mi. Olóyè ńkọ́? Olóyè ni ológbò rẹ̀, tó wà lọ́dọ̀ mi látìgbà tí Màámi ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, tí Bùrọ̀dá fi wá gbé e lọ sí ìlú tiwọn. Ó ní bí Olóyè ò bá wá bá òun, òun á padà sílé òun, àtẹ̀gùn ni o, àtẹ̀gùn kọ́ o. Mo mọ ìyá mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Bó bá tún ṣubú, ó lè má dìde mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Olóyè lè bá mi jókòó nínú bàlúù, bó bá wà nínú báàgì tó gba abẹ́ àga, tí òun àti báàgì ò bá ju kílò mẹ́jọ lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ni, láàárín ẹrù. Màámi ní ṣé àpò sìmẹ́ńtì ni Olóyè.
Ọkọ mi — Ọ̀gá Kò-Kàn-Mí — ní kí wọ́n so ó mọ́ ìyẹ́ bàlúù bí wọ́n bá fẹ́. Kò fẹ́ràn ológbò, kò sì fẹ́ràn bàlúù. Ó ní bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí èèyàn máa fò, ì bá ti fún un níyẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi dé ilé Bùrọ̀dá rí.

Ọjọ́rú, 5
Télọ̀ ni mí, kí ni mo fẹ́ ra báàgì sí? Mo fi téèpù wọn Olóyè: gígùn, àyà, ìbàdí. Ó ha mí lọ́wọ́. Mo ti ránṣọ fún ìyàwó tuntun tó le jù báyìí lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6
Dókítà ẹranko gún un lábẹ́rẹ́, ó kọ̀wé fún mi, ó gbé Olóyè àti báàgì tí mo rán sórí òṣùwọ̀n, ó mí kanlẹ̀. Ó lé ní kílò mẹ́jọ. Ó ní kí n dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Olóyè wò wá bí ẹni tó ń há orúkọ wa sórí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́. Ó ń ké. Mo ń bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Báàgì ò gbà á mọ́. Mo tún un wọ̀n — ìbàdí ti fẹ̀ sí i! Téèpù kì í purọ́. Ẹnìkan ń fún un lóúnjẹ. Ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ni, ta ni ì bá tún jẹ́? Mi ò kí i lónìí.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Mo wá agboòrùn lọ sínú mọ́tò ọkọ mi. Agolo sàdíìnì lábẹ́ àga, gbogbo rẹ̀ òfìfo. Irun ológbò lórí àga iwájú. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.
Kò jiyàn. Ó ní láràárọ̀ tóun bá ń mú mọ́tò gbóná, Olóyè máa ń wá jókòó ti òun, òun á máa ro ẹjọ́ àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ fún un. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́: "Mo rò pé tó bá wúwo jù, o ò ní lè gbé e lọ."
Mo bínú, mo tún rẹ́rìn-ín. Mo rán an létí àtẹ̀gùn yẹn. Ó kó sàdíìnì tó ṣì fi pamọ́ fún ìyá ẹ̀gbẹ́ wa. Èmi náà lọ kí i, pẹ̀lú ìtìjú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Ọ̀gá Kò-Kàn-Mí ń fi okùn mú Olóyè rìn yí ilé ká. Àwọn méjèèjì ló ń mí hẹlẹ. Mo ti dín sòkòtò méjì kù — ti ọkọ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 28
Ọkọ mi ló gbé báàgì dé pápá ọkọ̀ òfuurufú, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Òṣùwọ̀n ní ó ṣì lé díẹ̀. Mo fi eyín tú ojú rírán okùn èjìká báàgì, mo fa fóòmù inú rẹ̀ yọ lójú gbogbo èèyàn. Òṣùwọ̀n gbà!
Bí bàlúù ṣe gbéra ni Olóyè fariwo bọnu. Bàbá tó jókòó tì mí rọra bi mí bóyá inú ló ń run mí. Ojú tì mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fún mi ní míǹtì.
Nílé Bùrọ̀dá, Màámi gbá Olóyè mọ́ra, ó ń sunkún. "Ta ló febi pa ọmọ mi?"

Ọjọ́ Àìkú, 30
Olóyè ò jẹun. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà látìgbà tá a ti dé. Màámi ní bí kò bá jẹun, òun á gbé e padà sílé òun, níbi tó mọ̀. Gbogbo làálàá mi, orí àtẹ̀gùn yẹn náà la tún ń lọ.
Ọkọ mi pè. Ṣé ó ti jẹun? Mo ní rárá. Ó gé fóònù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Kẹrin
Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ni. Bàlúù ló wọ̀! Sàdíìnì wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní òun kàn ní kóun wá kí Màámi ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tú okùn bàtà rẹ̀ — kó tó nàró, Olóyè ti jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀. Ọkọ mi ò lè dìde. Kò tilẹ̀ gbìyànjú.
Màámi wò wọ́n títí.
"Àna mi, ẹ káàbọ̀. Ẹni tẹ́ ẹ wá kí ti jáde. Mi ò ní padà sílé mi mọ́, ibí ni kẹ́ ẹ ti máa wá wò ó."