Ẹni Tó Gé Orí Iṣu Yín

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ fetí sí mi. Bí ẹ bá ń bá àwọn ẹgbẹ́ yín tàkúrọ̀sọ lọ́run lọ́hùn-ún, ẹ ní kí wọ́n mú sùúrù. Èmi ọmọ yín tí kò mọ̀wé ni mò ń sọ ọ́, ìyàwó ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́.

Mo gbin pọ̀mùdùtẹ́ẹ̀rì sẹ́yìn ilé ìdáná. Ànàmọ́ òyìnbó ni, ó rí roboto. Obìnrin kan tó ń ná ọjà Bàsílà ló fún mi ní èyí tó ti ń hù lójú. Mo gé e bí èbù, mo fi eérú ra ojú ọgbẹ́ rẹ̀ bí ẹ ti kọ́ wa. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni mo ti ń bomi rin ín. Ewé rẹ̀ ti ń pọ́n báyìí. Lánàá mo ti ọwọ́ bọ ebè kan díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ti máa ń ṣe sí iṣu, tí ẹ ó di ojú, bí ẹni ń fọwọ́ kan orí ọmọ tó sùn. Ó ti gbó. Mo tún bò ó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti bá mi.

Ṣé ẹ rántí iṣu yín tí ìtàkùn rẹ̀ gbẹ lórí igi? Ẹ ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó gé e, tí ẹ ó fi orí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ebè kó lè bí èbù. Ẹ bá ọ̀bẹ Múmínì àbúrò mi nídìí rẹ̀. Ẹ ò nà án. Ẹ kàn wò ó, ẹ ní, "Ọwọ́ ẹ gbóná. Má tì í bọ ebè mi mọ́."

Èmi ni, Màámi. Èmi ni mo mú ọ̀bẹ àbúrò mi. Ebi kọ́ ló ń pa mí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi náà lè gé e bíi tiyín. Tòun ti orí rẹ̀ ni mo gé e. Ẹ̀rù bà mí, mo bò ó, mo gbàgbé ọ̀bẹ síbẹ̀. Mo sì dákẹ́.

Múmínì gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́. Kò dá oko rí. Kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ló ń tún ṣe títí irun rẹ̀ fi funfun. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Manigri ló ní oko kajú, òun ń ra iṣu jẹ nílùú oníṣu. Ó máa ń wá dúró lẹ́yìn ọgbà mi, á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni mo gbìn, pé ta ni yóò fi í gúnyán. Ṣùgbọ́n kì í wọlé. Bí mo bá ní kó bá mi fa koríko, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á ní òun ò fẹ́ kí nǹkan mi kú.

Àbí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ọjọ́ tí ẹ ń lọ, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ń fi ìka tọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Kí lẹ ń wá níbẹ̀?

Ìyàwó ọmọ mi ti dá bíìkì tó fi ń kọ̀wé dúró, ó ń wò mí. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ti ránṣẹ́ pe Múmínì pé òun ni yóò wa ebè àkọ́kọ́. Mi ò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Bó bá bínú, ọdún mélòó ló kù fún àwa méjèèjì tí a ó fi parí ìjà?

Mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kí n wá wa kí ni? Ṣé ẹ ti gbàgbé ọwọ́ mi ni?"

Ẹ jẹ́ kí n dìde, Màámi. Mo fẹ́ràn yín.

Èmi ọmọ yín, ọlọ́wọ́ gbígbóná.