Okùn Ẹ̀yìnkùlé

Ọjọ́ Àlàmísì, ìrọ̀lẹ́

Àná ni bíríkìlà kan èèkàn, ó na okùn síbi tí fẹ́ǹsì máa gbà. Rájí ọmọ mi ló ní dandan ni, pé látìgbà tí bàbá òun ti kú, ilé yìí ṣí sílẹ̀ jù fún èmi nìkan. Mo ní ó dáa. Kò dùn mí, kò sì dùn mọ́ mi.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Mùíbà, aládùúgbò mi, ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná bọ̀ wá fún mi láti ẹ̀yìnkùlé, bó ṣe máa ń ṣe. Ó rí okùn, ó dúró. Okùn tí kò ga ju ojúgun lọ! Ó pẹ̀yìn dà, ó gba títì yípo.

Obìnrin tí mo máa ń ṣàdédé rí nídìí ààrò mi, iwájú ilé ló dúró sí.

“Àgò onílé o!”

Mo ní, “Àgò yà.”